Ìyá aláápù Lagere: ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń ra ápù, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń fowó ṣòfò o. Kì í ṣe pé wọ́n ń rẹ́ yín jẹ, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ kàn ń sọ pé "ẹ bá mi mú ápù mẹ́rin", ẹ ò sọ irú èyí tẹ́ ẹ fẹ́, ẹni tó ń tà á náà á wá mú èyí tó pupa jù fún yín torí ó mọ̀ pé ojú lẹ fi ń rà á. Ẹ délé, ẹ gé e sínú kéèkì, ó di omi. Ẹ wá ń sọ kiri pé ápù ò dáa fún kéèkì. Ápù wo?

Ìyá kan wà ní Lagere tí kì í fọwọ́ kan ọjà títí ẹ ó fi dáhùn ìbéèrè kan: "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ṣé jíjẹ lásán ni, ṣé ọmọ ọwọ́ lẹ fẹ́ sè é fún, ṣé kéèkì ni, àbí ẹ lóde. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí mi ò bi í bóyá ó fẹ́ kí wọ́n gbé òun sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ìsọ̀ ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń rà níbẹ̀, èmi tí mò ń ṣe kéèkì àti sàláàdì eléso fún àwọn òde kéékèèké ní Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, nígbà míì títí dé Iléṣà.

Ìsọ̀ náà ò ju tábìlì onípákó kan lábẹ́ agbòòrùn ńlá lọ, àmọ́ ẹ wo bó ṣe to ọjà. Gírìn dá wà, yẹ́lò dá wà, àwọn pupa sì pín sọ́nà mẹ́ta torí pupa kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Àwọn àbókí tó ń ti bárò kiri ní Sábó máa ń da gbogbo ẹ̀ pọ̀ ni, òòrùn á sì máa pa á láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣúpámákẹ́ẹ̀tì kan tí mo máa ń yà sí ní fíríjì tó tutù dáadáa, mo gbóríyìn fún wọn ní ti ìyẹn, ṣùgbọ́n bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ò sọ ju "APPLE" àti iye owó lọ. Ẹ bi ọmọ tó dúró níbẹ̀ pé èwo ni Gala, èwo ni Fuji (oríṣi ápù ni méjèèjì), á ní "ápù ni gbogbo ẹ̀ mà."

Kí n tó débi tí kálukú wúlò sí, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Igi ápù nílò òtútù gidi lọ́dọọdún kó tó lè yọ òdòdó bó ṣe yẹ, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ ò fi rí oko ápù lọ́nà Ẹdẹ tàbí lọ́nà Oǹdó. Púpọ̀ nínú èyí tí à ń jẹ ní Nàìjíríà, South Africa ló ti ń wọlé, agbègbè Western Cape, àwọn ìlú bíi Ceres àti Grabouw tí ò jìnnà sí Cape Town. Láti nǹkan bí ìparí January títí wọ May ni wọ́n ń kórè, Gala wà lára àwọn tó ń ṣáájú, Pink Lady wà lára àwọn tó ń kẹ́yìn. Tí wọ́n bá ká a tán, wọ́n á kó o sí yàrá tútù tí wọ́n ti dín ọ́síjìn inú ẹ̀ kù gan-an, á wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò ní bàjẹ́. Nítorí náà èyí tẹ́ ẹ rà ní December lè ti kúrò lórí igi látinú April, ìyẹn ò sì burú. Ọjọ́ tó jáde kúrò nínú òtútù tó wọ mọ́tò láti Èkó ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ọjọ́ wo ló tú páálí. Ìyá Lagere máa ń sọ ọ́ láìjanpata, tó bá ti pẹ́ á ní ó ti pẹ́, á sì dín owó ẹ̀.

Páálí yẹn gan-an, ẹ máa wò ó. Nọ́ńbà kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, 100, 125, 150, 198, irú ìyẹn. Iye ápù tó wà nínú ẹ̀ nìyẹn, páálí náà sì máa ń tó kílò 18, torí náà bí nọ́ńbà bá ṣe kéré ni ápù ṣe tóbi. Ẹni tó fẹ́ pín fún ọmọ ilé ìwé, kí ló fẹ́ fi 100 ṣe? 198 ni kó rà, ẹyọ kan á tó ọmọ kan. Ẹni tó fẹ́ bó o kó gé e fún páì, kó ra ńlá, torí bíbó ápù kéékèèké máa ń dá ọwọ́ lágara, èèpo àti àárín tẹ́ ẹ̀ ń jù nù á sì pọ̀.

Sítíkà kékeré tó wà lára ẹ̀ náà ò wà níbẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́. Tẹ́ ẹ bá rí 4017, Granny Smith ni, ìyẹn gírìn. 4020 ni Golden Delicious, yẹ́lò. 4016 ni Red Delicious tó tóbi, 4131 ni Fuji tó tóbi, 4174 ni Royal Gala, 4130 ni Pink Lady. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló máa ń ní nọ́ńbà, òmíràn orúkọ nìkan ni wọ́n kọ sí i, àmọ́ ẹni tó bá mọ nǹkan wọ̀nyí, kò sẹ́ni tó máa fi pupa kan gbé pupa míì fún un.

Ó yá, gírìn ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, torí òun làwọn èèyàn ń sá fún jù, wọ́n ní ó kan. Ó kan lóòótọ́, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Maria Ann Smith ni igi ẹ̀ hù fún lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sydney ní Ọsirélíà, ọdún 1868 ni ìtàn ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìyá náà sì kú ní 1870, kò dúró rí i bó ṣe tàn ká ayé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe páì, tàbí kéèkì tí ápù inú ẹ̀ á ṣì dúró bẹ́ ẹ ṣe gé e, gírìn ni o. Kíkan inú ẹ̀ ló ń mú kí ara ẹ̀ le nínú óófùnù, kì í tètè tú. Bí èmi ṣe ń ṣe é: mo á bó o, mo á gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, kò ní tín-ín-rín jù, mo á bu ṣúgà àti sínámọ́ọ̀nù díẹ̀ lé e, mo á wá fi í sílẹ̀ sínú abọ́ títí omi á fi sun jáde lára ẹ̀, omi yẹn máa ń pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Mo á sẹ́ omi náà sínú ìkòkò kékeré, mo á gbé e ka iná tó rẹlẹ̀ títí tó fi máa ki, tó sì máa fà tẹ́ ẹ bá fi ṣíbí gbé e, mo á wá dà á padà sórí ápù kó tó wọnú fúláwà. Ẹni tí ò bá ṣe èyí, omi yẹn náà ló máa rẹ ìdí páì ẹ̀, á rọ̀ pẹ̀tẹ̀, á wá máa bú ẹni tó ta ápù fún un.

Gírìn kan náà ló dáa jù fún kósílọ́ọ̀. Ẹ gé e wínníwínní sínú kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì, kíkan ẹ̀ máa ń gé ọ̀rá máyọ̀nísì, ẹ ò tún ní nílò fínígà púpọ̀. Àwọn tó ń lọ jíńjà, kùkúḿbà àti ápù pọ̀ mu láàárọ̀, gírìn náà ni, ẹ ra èyí tó kéré, bílẹ́ńdà ò mọ ẹwà.

Àmọ́ o, àwọn tẹ́ ẹ̀ ń wo àwọn Òyìnbó ìlú ọba lórí YouTube tí wọ́n ń dárúkọ ápù kan tó ń jẹ́ Bramley, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yọ ìyá wa lẹ́nu, Bramley ò sí ní Ifẹ̀. Irú tiwọn yẹn máa ń yọ́ pátápátá nínú ìkòkò ni, gírìn wa kì í yọ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ sọ́ọ̀sì ápù lẹ fẹ́, ẹ po gírìn mọ́ yẹ́lò ní dọ́gbadọ́gba, yẹ́lò á yọ́, gírìn á gbé adùn ẹ̀ dìde. Ẹ fi omi díẹ̀ báyìí sídìí ìkòkò kó má jóná, ẹ dé e, kẹ́ ẹ máa rò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó bu ṣúgà, nígbà míì kò nílò rárá.

Yẹ́lò yìí, Golden Delicious, òun ni wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú jù lọ́jà, èmi ò sì mọ ohun tó ṣe wọ́n. Òun àti Red Delicious ò bára tan rárá o, ẹ má wò ó pé orúkọ wọn jọra, West Virginia ní Amẹ́ríkà ni yẹ́lò ti wá, pupa wá láti Iowa. Ẹ tiẹ̀ wò ó, Gala àti Pink Lady, ọmọ yẹ́lò ni àwọn méjèèjì. Àléébù ẹ̀ kan ni pé èèpo ẹ̀ fẹ́lẹ́, ó máa ń tètè hun jọ, tó bá sì ṣubú báyìí ó ti lọ́gbẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní ọmọ ọwọ́ tó ti tó oṣù mẹ́fà tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún lóúnjẹ, kò sí ápù tó dà bíi tiẹ̀. Ọjọ́ kan mo wà níbẹ̀, ìyá ọlọ́mọ kan pọn ọmọ dé, ó nawọ́ sí pupa tó ń dán, ó ní ọmọ òun lòun fẹ́ fi ṣe oúnjẹ fún. Ìyá wa ní, "Ìyá ọmọ, fi ìyẹn sílẹ̀, èèpo ẹ̀ le, inú ẹ̀ ò sì dùn tó yẹn. Mú yẹ́lò yìí. Ó ti hun díẹ̀ lóòótọ́, ṣebí inú ìkòkò lo kúkú ń gbé e lọ?" Ó sì ta á fún un ní ẹ̀dínwó. Mélòó nínú àwọn ọlọ́jà ló máa ṣe bẹ́ẹ̀?

Bíbó ni kẹ́ ẹ bó o, ẹ yọ kóró inú ẹ̀ dànù, ẹ fi omi ìba díẹ̀ sè é títí á fi rọ̀, ẹ wá tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi oyin sí i fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan, ẹ má sì fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ápù tútù gígé, ó lè há a lọ́fun.

Fún jíjẹ lásán àti fún sàláàdì eléso, Gala tàbí Fuji. Gala kéré díẹ̀, ó dùn, èèpo ẹ̀ ò le, àwọn ọmọdé fẹ́ràn ẹ̀. Fuji (kì í ṣe ti Àyìndé Barrister o) máa ń le gbagidi, ó dùn ju Gala lọ, omi ẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń pẹ́ nílé. Japan ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n po Red Delicious mọ́ ápù kan tí wọ́n ń pè ní Ralls Janet ní ìlú Fujisaki, ọdún 1962 ló tó jáde sọ́jà. Ọmọ yìí ju bàbá àti ìyá ẹ̀ lọ, ìyẹn dá mi lójú. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe sàláàdì fún òde, ẹ gé ìbẹ́pẹ, bàrà àti ọ̀pẹ òyìnbó ṣáájú, ápù ló máa gbẹ̀yìn, kẹ́ ẹ sì rọ omi ọ̀pẹ òyìnbó tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lójú ẹsẹ̀, torí tí afẹ́fẹ́ bá ti kan ibi tẹ́ ẹ gé, á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, àwọn àlejò á sì máa fi ṣíbí tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Pink Lady náà dáa, ó dùn ó tún kan díẹ̀, ẹ lè jẹ ẹ́ lásán, ẹ sì lè fi ṣe páì, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kì í sì í sí ní Lagere lọ́pọ̀ ìgbà.

Ó ku Red Delicious, àwọn tó pupa kankan tó gùn díẹ̀, tí ìdí ẹ̀ ní kókó márùn-ún. Lórí páálí ẹ lè rí Starking tàbí Top Red, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Òun ló lẹ́wà jù lórí tábìlì, òun lèmi kì í rà. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń yan èyí tó pupa jù gbìn, pupa ń lé sí i, èèpo ń nípọn sí i, adùn ń lọ. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú páálí tó tutù, ó ṣeé jẹ, mi ò ní parọ́. Tó bá ti lo ọjọ́ bíi mélòó kan nínú ooru, inú ẹ̀ á gbẹ. Ọmọ yunifásítì kan ń bá ìyá wa jiyàn pé pupa lòun fẹ́, ìyá ò bá a jà, ó mú ọ̀kan, ó fi ìka ta á létí ara ẹ̀, ó ní "gbọ́ bó ṣe ń dún, kò dún kó, ó ń dún bù." Ó wá fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Lójú ẹni tó jìnnà kò sí nǹkan tó ṣe é, funfun ni inú ẹ̀, àmọ́ ojú ọ̀bẹ gbẹ, omi kankan ò bá a jáde, nígbà tó sì fi àtàǹpàkò ra á, ó rún. "Èyí ti di èlùbọ́," ló wí, ó sọ ọ́ sínú garawa ìsàlẹ̀. Ọmọ yẹn ra Gala.

Kẹ́ ẹ má rò pé garawa yẹn ń lọ sí àkìtàn o. Àwọn tó ń ṣe zobo ló ń wá kó o lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, owó pọ́ọ́kú, kó ṣáà ti má jẹrà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé zobo ò nílò ápù olówó ńlá, ìsápá fúnra ẹ̀ ti kan, adùn díẹ̀ àti òórùn lẹ̀ ń wá, torí náà yẹ́lò tó hun tàbí pupa tó ti rọ̀, ẹ gé e pọ̀ mọ́ èèpo ọ̀pẹ òyìnbó àti jíńjà, ó ti parí. Ẹni tó ń fi gírìn ṣe zobo, owó ló ń dà á láàmú.

Ẹ tún jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n á ní gírìn nìkan ni kí wọ́n jẹ, pé pupa máa pa wọ́n. Nínú gíráàmù 100, gírìn ní ṣúgà tó tó gíráàmù 10 tàbí kó dín díẹ̀, Fuji ní bíi 12. Ìyàtọ̀ yẹn ò tó ohun tí wọ́n ń pariwo lé lórí, iye tẹ́ ẹ bá jẹ lẹ́ẹ̀kan náà ló ṣe pàtàkì, kẹ́ ẹ sì jẹ ẹ́ tèèpo tèèpo, kẹ́ ẹ má lọ̀ ọ́ di omi. Ẹ gbọ́ tí dókítà yín ju tèmi lọ ṣá.

Dídán tó ń dán náà, àwọn WhatsApp ti sọ oríṣiríṣi nípa ẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ní oògùn òkú ni wọ́n fi ń pa á. Ápù ní ìda lára láti orí igi, tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ nílé iṣẹ́ èyí á ṣí kúrò, wọ́n á wá fi ìda tó ṣeé jẹ pa á padà kí omi ara ẹ̀ má baà gbẹ. Ìyẹn ló máa ń funfun tẹ́ ẹ bá da omi gbígbóná sí i, kì í ṣe oògùn òkú. Ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, ẹ fi ọwọ́ ra á dáadáa, ó tó.

Tẹ́ ẹ bá délé, inú fíríjì ni ibùgbé ẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ọ́ sínú ọ̀rá, torí ápù máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó ń pọ́n nǹkan míì. Ẹ má tò ó ti kárọ́ọ̀tì, kárọ́ọ̀tì náà á korò. Ẹ má tò ó ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àyàfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pọ́n lọ́la. Èmi máa ń lò ó fún píà tó le, ápù kan àti píà nínú àpò bébà, kì í pẹ́ rọ̀. Ní ti iná tí ò dúró, ẹ má ra jù ohun tẹ́ ẹ máa jẹ tán lọ, Fuji àti gírìn ló lè fara dà á díẹ̀, Golden ò lè.

Ó yá, àléébù ìsọ̀ yìí. Ìyá wa kì í fẹ́ kí èèyàn fọwọ́ tẹ ọjà òun, mo sì gbà fún un torí ibi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ló máa dúdú lọ́la, àmọ́ bó ṣe ń sọ ọ́, ara ẹni tí ò mọ̀ ọ́n lè ta. Àwọn tó ti dì sínú ọ̀rá sílẹ̀, ẹ ní kó tú u kẹ́ ẹ wò ó, mo ti bá èyí tó lọ́gbẹ́ nísàlẹ̀ rí. Owó ẹ̀ fi díẹ̀ ju ti àwọn oníbárò lọ. Tí òjò bá ti ṣú, ó ti palẹ̀ mọ́. Ó sì máa ń sọ̀rọ̀, áà, tẹ́ ẹ bá ń kánjú lọ sí kámpọ́ọ̀sì, ẹ má dá ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn sílẹ̀.

Ọwọ́ àárọ̀ ló dáa kẹ́ ẹ lọ, ọjọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọjà lẹ máa rí gbogbo oríṣi. Nínú ìràwọ̀ márùn-ún mo fún un ní mẹ́rin. Ọjọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba tíránsífà láìkọ́kọ́ pe àbúrò ẹ̀ lórí fóònù láti bi í bóyá owó ti wọlé, màá fi ẹyọ kan tó kù kún un.